Fellowship lórí àwòrán ọyàn àti ti ara obìnrin: ìbéèrè tí àwọn dókítà máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Àwọn dókítà tó ń parí residency (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé ilé ìwé ìṣègùn) nínú ìmọ̀ àwòrán ara ló sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ parí ní orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń béèrè. Ètò ti Amẹ́ríkà ni mo ń sọ, ní ilé ìwòsàn fásitì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí màá máa padà sí: ibi tí wọ́n bá ti jẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé obìnrin kan láti orí àwòrán àkọ́kọ́ títí dé orí èsì ẹran ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́ iṣẹ́ yìí. Ibi tí wọn kò bá ti gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ ńlá kò lè dípò rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní fellowship yìí gan-an?

Ọdún kan gbáko ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, lẹ́yìn residency. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, July 1 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, June 30 ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì máa ń parí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti jáde ilé ìwé ìṣègùn, kó ti lo ọdún 1 gẹ́gẹ́ bí intern, kó sì ti lo ọdún 4 nínú residency ti diagnostic radiology. Nígbà tó bá débẹ̀, ó ti lè ka àwòrán orí, ti àyà, ti ikùn àti ti egungun. Ọdún yìí ló wá fi máa jókòó ti ẹ̀yà ara kan, kó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ọyàn ló ń gba apá tó pọ̀ jù. Níbi tí wọ́n bá ti fi "women's imaging" kún orúkọ ètò náà, ilé ọmọ, ibi ẹyin, oyún àti egungun náà máa ń wà níbẹ̀.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, oyè tí dókítà ń gbà lẹ́yìn ìdánwò ìparí ni wọ́n ń pè ní fellowship. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ níbí.

Ta ló fọwọ́ sí i? Ṣé oyè pàtàkì kan wà ní ìparí rẹ̀?

ACGME, àjọ tó ń bójú tó residency àti ọ̀pọ̀ fellowship, kò fọwọ́ sí èyí. American Board of Radiology (ABR), ìyẹn board tó ń fún àwọn dókítà àwòrán ara ní ìwé ẹ̀rí, náà kò ní ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ fún àwòrán ọyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní fún àwòrán ọpọlọ àti ti ọmọdé. Ilé ìwòsàn tó kọ́ yín ni yóò fún yín ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Society of Breast Imaging ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde, àmọ́ ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Ìdí nìyẹn tí ètò méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà fi lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé dandan ni kí n ṣe é kí n tó lè máa ka mámógíráàmù (àwòrán X-ray ti ọyàn)?

Rárá. Òfin tó de mámógíráàmù ní Amẹ́ríkà ni Mammography Quality Standards Act, èyí tí wọ́n ṣe ní 1992, FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, ló sì ń rí i pé wọ́n pa á mọ́. Òfin náà ní kí dókítà ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, kó ní ìwé ẹ̀rí board tàbí oṣù 3 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí mámógíráàmù, kó ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 60 lórí rẹ̀, kó sì ti ka mámógíráàmù 240 láàárín oṣù 6 lábẹ́ ojú ẹni tó ti kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ lo oríṣi ẹ̀rọ tí kò kọ́ tẹ́lẹ̀, bíi tomosynthesis (mámógíráàmù tó ń fi ọyàn hàn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ), máa gba wákàtí 8 sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó gbogbo èyí jọ kí residency tó parí. (Ẹ gba lẹ́tà tó jẹ́rìí sí i lọ́wọ́ ọ̀gá ètò yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Wíwá a kiri lẹ́yìn ọdún 2 máa ń gba àkókò àti agbára.)

Kí wá ni fellowship fi kún un? Igba ó lé ogójì ni òfin ń béèrè kí ẹnu ọ̀nà tó ṣí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ojú ń fẹ́ kó tó mọ ohun tó ń wò. Ohun mìíràn ni pé òfin kò sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú ẹran ọyàn fún àyẹ̀wò (biopsy), nípa MRI, tàbí nípa bí ẹ ó ṣe jókòó ti ẹni tí ayé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe máa ń rí?

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n dín iná rẹ̀ kù, nítorí pé ohun tó fara sin máa ń hàn dáadáa nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àyíká kò bá bá àwòrán jà. Ojú ẹ̀rọ ńlá méjì ni ẹ máa jókòó sí iwájú wọn. Ẹ ka àwòrán fúnra yín, ẹ kọ èrò yín sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni attending, ìyẹn ọ̀gá tó ń kọ́ yín, máa wá wo ohun tí ẹ wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹni tó bá ń fetí mú èsì ní gbogbo ọdún máa rò pé òun ti mọ iṣẹ́, títí di ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tí wọ́n pè padà máa wọlé, àti àwọn tó fọwọ́ kan kókó fúnra wọn. Fellow máa pàṣẹ àwòrán mìíràn: kí wọ́n tẹ ojú ibì kan péré mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n ya ibẹ̀ kó tóbi. Òun fúnra rẹ̀ máa wọ yàrá síkáàn lọ, á gbé irin síkáàn lé ọyàn náà, á wá ohun tó rí lórí mámógíráàmù. Ìgbà tí irin bá wà lọ́wọ́ yín ni ẹ máa mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń wò nínú òkùnkùn yàrá yẹn jẹ́ òótọ́. Ní ọ̀sán, abẹ́rẹ́. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ìpàdé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà jẹjẹrẹ, àwọn oníìtànṣán àti àwọn patọ́lọ́jíìsì (dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò) ti máa ń jókòó yí ọ̀ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan ká. Fellow ló sábà máa ń fi àwòrán hàn níbẹ̀, gbogbo wọn á sì máa bi í léèrè.

Iṣẹ́ òru kò pọ̀ nínú àwòrán ọyàn, nítorí pé pàjáwìrì inú rẹ̀ kò ju bíi eéwo tó kó ọyún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń ní kí fellow bá àwọn mìíràn ka àwòrán gbogbo ara ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Àwọn ọ̀gá mi ń sọ pé àyẹ̀wò screening ló le jù. Kí ló le nínú kí ènìyàn wo fọ́tò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀?

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó wá fún screening kò ní ẹ̀dùn kankan. Àwòrán 2 ni wọ́n ń yà fún ọyàn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti òkè, èkejì láti ẹ̀gbẹ́ ní dídagun. Láti 2011 tí FDA ti fọwọ́ sí tomosynthesis, ẹ̀rọ náà lè gé ọyàn sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín lójú àwòrán, ẹ ó sì máa yí i lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ń wá kókó, ẹ ń wá wóró kálísíọ́mù tó kóra jọ lọ́nà tí kò yẹ, ẹ ń wá ibi tí ẹran ọyàn ti fà jọ, ẹ ń wá ohun tó wà lápá ọ̀tún tí kò sí lápá òsì. Ẹ sì ń gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nínú ìwádìí ńlá tí àwọn Breast Cancer Surveillance Consortium gbé jáde ní 2017, nínú obìnrin 1,000 tó wá fún screening, nǹkan bíi 116 ni wọ́n pè padà, nǹkan bíi 5 ni wọ́n sì rí jẹjẹrẹ lára wọn. Ẹ ro ìyẹn dáadáa. Àwọn tó lé ní 100 gba ìpè náà, wọn ò sùn, kò sì sí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń pe gbogbo ènìyàn padà kò lè pàdánù jẹjẹrẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó dá sílẹ̀ kò kéré. Ẹni tí kì í pe ẹnikẹ́ni padà máa fi ẹnì kan sílẹ̀ kó lọ kú. Láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Ìwọ̀n tí American College of Radiology fi lélẹ̀ ni kí iye tí ẹ pè padà wà láàárín 5 sí 12 nínú 100, kí ẹ sì rí jẹjẹrẹ 2.5 ó kéré tán nínú 1,000.

Fellow tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń pe ènìyàn padà jù. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tì yín lójú. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni ojú máa kọ́ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹn sì ṣòro ju kíkọ́ ohun tó yẹ kó mú lọ.

Ẹ ṣàlàyé BI-RADS fún mi bí ẹni tó máa lò ó lọ́la.

Nọ́ńbà tí a fi ń parí ìròyìn àwòrán ọyàn ni, láti odo dé ẹ̀fà. Èdè kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń sọ ni, kí oníṣẹ́ abẹ tó ka ìwé yín má baà máa méfò. Odo ni pé iṣẹ́ kò tíì parí, ẹ ń fẹ́ àwòrán sí i. Ení ni pé kò sí nǹkan. Èjì, ohun kan wà ṣùgbọ́n kò lè ṣe é ní jàǹbá. Ẹ̀ta, ó ṣeé ṣe kó má ṣe nǹkan kan, ewu jẹjẹrẹ inú rẹ̀ kò ju 2 nínú 100 lọ, kó padà wá lẹ́yìn oṣù 6. Ẹ̀rin ń fẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n sì pín in sí A, B àti C: A kọjá 2 títí dé 10 nínú 100, B dé 50, C kù díẹ̀ kó tó 95. Àrún jẹ́ 95 sókè. Ẹ̀fà ni ẹni tí biopsy ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni.

Ẹ̀ta ni wọ́n ń ṣì lò jù. Kò wà fún ìgbà tó bá ti rẹ̀ yín tàbí tí ẹ kò lè pinnu. Àwọn ohun pàtó kan wà tí ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n wọ inú ẹ̀ta, àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn.

Irú abẹ́rẹ́ wo ni màá kọ́?

Mẹ́ta ni òpó iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni ti síkáàn, níbi tí ẹ ti ń rí abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé. Abẹ́rẹ́ 14-gauge ni wọ́n sábà máa ń lò. Èkejì ni stereotactic, tí mámógíráàmù ń darí, èyí tó dára fún wóró kálísíọ́mù tí síkáàn kò lè rí. Ẹ̀kẹta ni ti MRI, tí abẹ́rẹ́ tó nípọn tó sì ń fa ẹran mọ́ra ń ṣe, 9-gauge ló wọ́pọ̀. (Nínú gauge, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó.) Ti MRI ló ṣọ̀wọ́n jù, òun ló sì yẹ kí ẹ béèrè iye tí fellow kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́dún.

Lẹ́yìn tí ẹ bá mú ẹran, ẹ máa fi irin kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè mọ ibi tí ẹ dé. Bó bá jẹ́ kálísíọ́mù lẹ wá lọ, ẹ ya ẹran tí ẹ mú jáde ní X-ray kí ẹ rí wóró náà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò tíì mú nǹkan kan. Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà tọ́ka sí ibi tí oníṣẹ́ abẹ máa gé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti fi hóró kékeré rọ́pò wáyà báyìí: ọ̀kan ní iodine-125, ọ̀kan jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń dá ìgbì rédà padà. Ìtura ni fún obìnrin náà, nítorí pé wọ́n lè fi í sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kò ní máa fi wáyà lára dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí nìyí. Èsì máa padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan láti ọ̀dọ̀ patọ́lọ́jíìsì tó wo ẹran náà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé èsì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yín, kí ẹ bi ara yín bóyá wọ́n ń sọ ohun kan náà. Ká ní kókó tó yọ ẹ̀gún yíká lẹ rí, tí ẹ sì pè é ní àrún, tí patọ́lọ́jíìsì wá kọ̀wé pé ọ̀rá lásán ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Patọ́lọ́jíìsì kò purọ́, ohun tí ẹ gbé fún un ló wò. Abẹ́rẹ́ yín ló gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ tún un ṣe, tàbí kí oníṣẹ́ abẹ gé e jáde. Bí fellow bá gún obìnrin kan lónìí, tí ẹlòmíràn wá ń ka èsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fellow yẹn kò ní mọ̀ láéláé pé òun gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ á yá, àṣìṣe rẹ̀ á sì máa yá sí i.

Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ èsì fún aláìsàn. Ṣé èmi ni màá máa sọ ọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fásitì, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá lórí èsì biopsy. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ dókítà tó ń ka àwòrán ni kì í rí ẹni tó ni àwòrán. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀.

Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún obìnrin kan pé, "Mà, a rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀." Mo rò pé àánú ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ní láti tún ẹnu mi gbé, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí n gba ọpẹ́ yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ tàbí èkejì: "Mà, jẹjẹrẹ ni." Lẹ́yìn náà, mo máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù fún dókítà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ló ni ín. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní ìṣẹ́jú yẹn tí yóò wọ̀ ọ́ létí. Ìgbà tó bá gbójú sókè ló tó fún yín láti sọ ohun tó kàn: orúkọ oníṣẹ́ abẹ tó máa rí, ọjọ́ tó máa rí i, nọ́ńbà tó lè pè lálẹ́ bí oorun bá kọ̀.

Ẹ béèrè ṣáájú biopsy bó ṣe fẹ́ gbọ́ èsì: lórí fóònù àbí lójúkojú, òun nìkan àbí pẹ̀lú ẹnì kan. Láti April 2021, òfin Amẹ́ríkà kò gba ilé ìwòsàn láyè láti máa mọ̀ọ́mọ̀ dá èsì dúró mọ́, nítorí náà ìwé patọ́lọ́jíìsì lè dé orí fóònù rẹ̀ kí ẹ tó pè é. Ẹ sọ ìyẹn fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fura sí náà. Bí ẹ bá ti pè é ní àrún, kò yẹ kí ẹ ní "ká ṣáà máa retí" kó sì lọ sílé lọ máa fọkàn balẹ̀.

Ṣé ọyàn nìkan ni?

Ó sinmi lórí ètò. Níbi tí women's imaging bá ti jẹ́ òótọ́, ẹ máa ṣe síkáàn ilé ọmọ àti ti ibi ẹyin, ẹ máa fi O-RADS ṣàpèjúwe kókó ibi ẹyin gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń fi BI-RADS ṣe ti ọyàn. Ẹ máa ṣe HSG, níbi tí wọ́n ti ń da omi tó ń hàn lórí X-ray sínú ilé ọmọ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ẹyin là. Ẹ máa ka MRI fún fibroid, fún endometriosis (ẹran inú ilé ọmọ tó hù síta rẹ̀), fún ibi ọmọ tó wọ inú ẹran ilé ọmọ jù, àti fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, èyí tí FIGO, àjọ àgbáyé ti àwọn dókítà obìnrin, ti gbà láti 2018 pé àwòrán lè wà lára ohun tí wọ́n á fi mọ ipele tó dé. Egungun náà wà níbẹ̀: bí T-score, nọ́ńbà tó ń fi bí egungun ṣe ki tó hàn, bá jẹ́ -2.5 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, osteoporosis (egungun tó ti di ẹlẹgẹ́) ni.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ẹ̀ka ikùn ló ń ka ilé ọmọ, ẹ̀ka aláboyún ló ń ṣe síkáàn oyún, orúkọ nìkan ló sì kù fún fellow. Ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀.

Ta ló yẹ kí wọ́n ṣe MRI ọyàn fún?

Láti 2007 ni American Cancer Society ti sọ pé kí obìnrin tí ewu jẹjẹrẹ ọyàn nígbèésí ayé rẹ̀ tó 20 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ máa ṣe é pẹ̀lú mámógíráàmù. Àwọn tó ní àléébù nínú jíìnì BRCA1 tàbí BRCA2 wà níbẹ̀, àti àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àyà wọn nígbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30. Wọ́n tún ń lò ó láti mọ bí jẹjẹrẹ ṣe gbòòrò tó kí wọ́n tó gé e. Ẹni tó bá parí ọdún náà láì fọkàn balẹ̀ lórí MRI kò gba ohun tó wá gbà.

Bí obìnrin ẹni 40 ọdún bá béèrè ìgbà tó yẹ kó wá, kí ni màá sọ? Àwọn àjọ kò fẹnu kò.

Òótọ́ ni. Ní April 2024, USPSTF, ìgbìmọ̀ tó ń gba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àìsàn, ní kí obìnrin máa ṣe é lọ́dún méjì-méjì láti 40 dé 74. American College of Radiology àti Society of Breast Imaging ní ọdọọdún láti 40. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fẹnu kò lé lórí báyìí ni pé 40 ni ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ewu rẹ̀ kò ju ti àwọn yòókù lọ. Lójú tèmi, ọdọọdún ló dára jù, mo sì máa ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ewu pé wọ́n lè pè é padà lásán.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nínú èyí ni ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Iye tí jẹjẹrẹ ọyàn ń pa nínú wọn fi nǹkan bíi 40 nínú 100 ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, bẹ́ẹ̀ iye tó ń mú nínú wọn kò ju ti àwọn yẹn. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní triple-negative, tó máa ń yára dàgbà tó sì máa ń mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré, wọ́pọ̀ láàárín wọn ní ìlọ́po méjì. Fellow tó bá mọ èyí kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú obìnrin ẹni 36 ọdún tó ní òun fọwọ́ kan kókó.

Ẹ tún rántí ọyàn tí ẹran rẹ̀ ki. Jẹjẹrẹ funfun lórí àwòrán, ẹran tó ki náà funfun. Láti September 10, 2024 ni FDA ti pàṣẹ pé kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ya mámógíráàmù sọ fún obìnrin bóyá ọyàn rẹ̀ ki tàbí kò ki. Wọ́n á ka lẹ́tà náà, wọ́n á wá béèrè. Ẹ mọ ohun tí ẹ máa fèsì.

Ṣé AI kò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa?

Ìdàgbàsókè ti wà lóòótọ́. Nínú ìwádìí MASAI ní Sweden, tí wọ́n gbé jáde ní 2023, obìnrin tó lé ní 80,000 ló kópa. Apá tí AI ràn lọ́wọ́ rí iye jẹjẹrẹ tí kò dín sí ti apá kejì, iye kíkà tí àwọn dókítà ní láti ṣe sì dín kù ní 44 nínú 100. Ẹ fi sọ́kàn pé dókítà méjì ló ń ka àwòrán kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ló ń kà á.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1998, FDA fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń fi àmì sí ibi tó fura sí, ilé ìwòsàn sì rà á káàkiri. Ìgbà tó di 2015, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé kíkà kò dára sí i nítorí rẹ̀. Ti ìsinsìnyí lágbára ju ìyẹn lọ fíìfíì, mo sì fẹ́ kí fellow kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwòrán kí ẹ tó ṣí èrò ẹ̀rọ wò, gan-an bí mo ṣe sọ nípa attending.

Mo lóyún, tàbí mo ń gbèrò rẹ̀. Ṣé mo lè ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtànṣán tó ń kan fellow nínú iṣẹ́ yìí kéré. Bí ẹ bá kọ̀wé fún ilé ìwòsàn pé ẹ lóyún, òfin ní kí ìtànṣán tó máa kan oyún náà má kọjá 5 mSv (mSv ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) fún gbogbo ìgbà tí ẹ fi lóyún. Kíkọ ìwé náà wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe dandan. Ẹ lè wọ yàrá MRI láti múra aláìsàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ya àwòrán.

Ṣé ọkùnrin lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Kó máa kan ilẹ̀kùn, kó sọ orúkọ rẹ̀, kó rí i pé obìnrin mìíràn wà nínú yàrá, kó bo ibi tí kò bá ń yẹ̀ wò. Dókítà tó jẹ́ obìnrin náà gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀.

Ìgbà wo ni màá kọ̀wé, báwo sì ni wọ́n ṣe ń yan ènìyàn?

Inú ọdún 3 residency ni. Ìtàn iṣẹ́ yín, lẹ́tà ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, lẹ́tà àwọn ọ̀gá tó mọ̀ yín, èsì USMLE (ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ní Amẹ́ríkà). Ọ̀pọ̀ ètò ń gba ènìyàn nípasẹ̀ Match tí NRMP, àjọ tó ń so dókítà pọ̀ mọ́ ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ń ṣe: lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ máa to àwọn ilé ìwòsàn bí ẹ ti fẹ́ wọn sí, àwọn náà á to yín, kọ̀ǹpútà á so yín pọ̀. Ẹ tò wọ́n bí ọkàn yín ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ má to ẹni tí ẹ rò pé ó fẹ́ yín sí òkè. Ibi tó bá bọ́ sí ti dè yín nìyẹn. Ìwádìí tí ẹ ti gbé jáde dára, àmọ́ lẹ́tà ọ̀gá tó rí yín pẹ̀lú aláìsàn wúwo jù ú lọ.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ni mo ti ṣe residency. Ṣé ọ̀nà wà?

Ó wà, ó gùn. Ẹ nílò ìwé ẹ̀rí ECFMG, àjọ tó ń yẹ ìwé àwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè wò, èyí tó ń béèrè USMLE Step 1 àti Step 2. Ẹni tó bá fẹ́ físà H-1B gbọ́dọ̀ ní Step 3 pẹ̀lú. Físà J-1 ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì lè de ènìyàn láti padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún 2 lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọdún kan fellowship kò sọ yín di ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ABR. Àmọ́ ABR ní ọ̀nà kejì fún ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ara ní orílẹ̀-èdè mìíràn: ọdún 4 ní ilé ìwòsàn tí ACGME fọwọ́ sí residency rẹ̀, fellowship sì lè jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá ilé ìwòsàn náà ti gbé ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà yẹn já, àti bóyá wọ́n máa fi ọdún 3 yòókù síwèé. Ìlérí ẹnu kò tó.

Kí ni kí n béèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?

Ẹ wá àwọn fellow tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá nítòsí. Ẹ béèrè pé: ẹni tó bá ka àwòrán, ṣé òun ló ń gún abẹ́rẹ́? Ṣé òun ló ń gba èsì? Ta ló ń pe obìnrin náà? Ṣé ẹ ń rí àkọsílẹ̀ tiyín, iye tí ẹ pè padà àti iye jẹjẹrẹ tó wà nínú wọn, àbí ti ẹ̀ka lápapọ̀ ni wọ́n ń fi hàn yín? Biopsy MRI mélòó lẹ ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún? Ìgbà wo ni ẹ gbẹ̀yìn ṣe àṣìṣe, kí sì ni ọ̀gá yín sọ? Ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń sọ púpọ̀ jù fún mi. Bí ojú fellow náà bá wálẹ̀, ẹ kíyè sí i.

Kí ni màá máa ṣe lẹ́yìn tí ọdún náà bá parí?

Òfin máa bá yín lọ: mámógíráàmù 960 láàárín oṣù 24, ẹ̀kọ́ wákàtí 15 láàárín oṣù 36. Ibi iṣẹ́ yín tuntun máa kó àkọsílẹ̀ yín jọ lọ́dọọdún. Ohun tí mo ń ṣe títí dòní ni pé mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo biopsy mi sí láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni: ohun tí mo rí, nọ́ńbà tí mo fún un, ohun tí mo rò pé ó jẹ́. Mo máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ lófo lábẹ́ rẹ̀. Bí èsì bá dé, mo fi kún ìlà náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń wo ìlà tó bá ṣì ṣófo, mo sì máa ń pe yàrá patọ́lọ́jì.